Ibi Tí Àlejò Kì Í Dé

Láti ilé rẹ̀ l'Ókè Padre ni Abdulmajeed ti ń fi ibi tí èèyàn kì í sábà lọ han aráyé lórí Facebook: Lesotho, Comoros, erékùṣù tí ewúrẹ́ ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ.

Lónìí, nọ́ńbà tí kò mọ̀ fi fọ́tò yàrá tóóró kan ránṣẹ́ sí i: fèrèsé onígi, ẹní, búta.

"Ibí dákẹ́ rọ́rọ́. Àlejò kì í dé ibí."

Majeed gbé e síta lójú ẹsẹ̀: "Ẹ wo ìfọ̀kànbalẹ̀!"

Kó tó mu tíì ẹ̀ tán, ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ti ń béèrè pé níbo ni.

Ó kọ̀wé sí nọ́ńbà yẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń débẹ̀? Ṣé wọ́n ń gba físà?"

Ohùn ni wọ́n fi dá a lóhùn.

"Majeed, ọ̀kadà ni o máa wọ̀ wá sí Bẹyẹrúnká. Yàrá ẹ̀yìn tí mo kó sí nìyẹn nígbà tí òjò ṣí òrùlé mi. Ọdún kẹta rèé. Fóònù Hikmat àbúrò rẹ ni mo fi ránṣẹ́. Èmi ìyá rẹ ni."

Majeed padà sórí Facebook. Àwọn èèyàn ò yéé béèrè.

Ó dá wọn lóhùn: "Ó jìnnà gan-an."