Òdòdó Tí Kì Í Pé Ọdún

"Òdòdó tí kì í pé ọdún nìkan ni kí o gbìn síbẹ̀ o."

Ohun tí Alájà Mọ̀dínátù sọ nìyẹn, nígbà tó yọ̀ǹda ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Igando fún Súmbọ̀ ayálégbé rẹ̀.

Bí Súmbọ̀ bá béèrè ìdí, Alájà á ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, Súmbọ̀ á gé òdòdó sínú omi, á dì í fún àwọn ìyàwó tuntun.

Ṣùgbọ́n àtúngbìn ọdọọdún ti sú u. Róòsì tí yóò pẹ́ nílẹ̀ ló fẹ́.

Bí Alájà ṣe ń kírun lówùúrọ̀ yìí, Súmbọ̀ gbé ọkọ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn dé orúnkún.

"Súmbọ̀, rọra."

Alájà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alájà. Gbòǹgbò róòsì ló máa ń jìn ṣá."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ da yẹ̀pẹ̀ padà, ó ń pe oríkì jẹ́jẹ́.

"Àlàó. Àṣàkẹ́. Àyìnlá."

"Ta ni wọ́n, Alájà?"

"Àwọn ọmọ mi ni. Ibí ni bàbá wọn tẹ́ wọn sí. Ọ̀kankan nínú wọn ò pé ọdún."

Ó gbójú sókè.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ́ rẹ kan nǹkan?"

Súmbọ̀ wo ẹnu ọkọ́. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ìyá àgbà.