Ihò Kẹta ní Abà Òkúta

Ihò méjì àkọ́kọ́ ò mú nǹkan kan jáde. Ọládèjì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń wá òjé lábẹ́ ilẹ̀, tẹ́ máàpù Abà Òkúta sórí tábìlì ní ọ́fíìsì wọn ní Yaba. Ó ní ìkẹta ni ìkẹyìn, torí àwọn tó háyà ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ fún wọn ti ń béèrè rẹ̀. Bí òjé bá wà níbẹ̀, wọ́n á kó àwọn ará abà lọ sí ilé tuntun tó ní omi ẹ̀rọ, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, wọ́n á palẹ̀mọ́, wọn ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Tiwalọlá ló ń yan ibi tí wọ́n á gbẹ́. Òun ló gbé ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ káàkiri abà náà. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti fura sí òjé, pupa ló máa ń hàn lórí máàpù.

"Kí ló dé tó o fi pupa ńlá yìí sílẹ̀?" Ọládèjì bi í. "Èyí tó o mú yìí ò ju ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn lára ògiri lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, pupa ńlá lè jẹ́ òkúta dúdú lásán. Ó máa ń tan ẹ̀rọ jẹ."

"Ohun tó o sọ nígbà méjì àkọ́kọ́ náà nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n mú ìkẹta yìí, sà."

Ọládèjì wò ó títí, ó sì gbà.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ọ́fíìsì pé abà yẹn ni wọ́n ti bí Màámà Sàúdátù, ìyá ìyá Tiwalọlá. Mushin ni Màámà ń gbé láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n kò sí àkùrọ̀ kan ní Abà Òkúta tí kò lè dárúkọ ẹni tó ni ín. Àwọn bàbá rẹ̀ máa ń wa òjé níbẹ̀, wọ́n á fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan ni Tiwalọlá ti máa ń gbé máàpù lọ bá a.

"Ibí ni ìkẹta," Màámà wí, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Bàbá mi gbẹ́ ibí títí omi fi lé e jáde."

"Ó dá yín lójú?"

"Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn? Ìyá rẹ?"

Tiwalọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo ti ní kí àwọn ará abà gbààwẹ̀," Màámà wí. "Ọlọ́run á ṣe é bí a ṣe ń fẹ́."

Nígbà tí Káyọ̀dé tó ń darí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ pè láti abà, fóònù ń já. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò ju pé òun ti fi òkúta tó jáde ránṣẹ́ sí gáréèjì Jíbówú nínú bọ́ọ̀sì. Tiwalọlá ní òun nìkan á lọ gbà á. Ọládèjì ní kí Najeem, awakọ̀ ọ́fíìsì, gbé e lọ.

Àpótí tí òkúta wà nínú rẹ̀ wúwo.

"Àǹtí, ẹ rọra. Ẹ gbé e bí ẹni gbé àna," Najeem wí.

"Fi sínú búùtù. Ó dọ́fíìsì ká tó ṣí i."

"Ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Najeem ti fi ṣúkúdíráfà yọ ìdérí. Òkúta àkọ́kọ́ ṣókùnkùn. Àwọn tó wá láti ìsàlẹ̀ pátápátá ń kọ yànrànyànràn bíi dígí tó fọ́. Kí Tiwalọlá tó nawọ́ sí i, Najeem ti yà á ní fọ́tò, ó ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Fóònù dún.

"Tiwa, orí ẹ pé," Ọládèjì wí. "O ti bá wa ṣe é."

"Ẹ ṣé, sà."

"Àǹtí, ẹ sunkún yín dáadáa," Najeem wí. "Ẹkún ayọ̀ ni."

Láti ibẹ̀, Mushin ni Tiwalọlá gbà lọ. Màámà jókòó sórí ẹní, kò dìde.

"Wọ́n rí i, Màámà. Ó pọ̀. Ó jìn ju ibi tí ọwọ́ èèyàn lè gbẹ́ dé."

Màámà na fóònù rẹ̀ sí i. Ó ní kí ó bá òun pe Ìmáàmù Abà Òkúta.

"Ìmáàmù, ẹ pe gbogbo ilé jọ," ó wí, "ibi mẹ́ta tí bàbá mi gbẹ́ tí kò rí nǹkan kan rí ni mo ní kí ọmọ yìí kó àwọn tó ń wá òjé lọ, kí ó lè sú wọn, kí wọ́n fi ilé wa àti sàréè wa sílẹ̀, wọ́n sì ti rí i."