Ìwé Tí Fọláràn Sin

Ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin yunifásítì kan tó wà lórí òkè, níbi tí kùrukùru ọyẹ́ ti máa ń rọra gba ojú fèrèsé wọ láíbúrárì bí ẹni tó wá kàwé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fọláràn. Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run fún un lọ́pọlọ, ó sì fún un ní ohùn tó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò lè rí ohun rere kó má fẹ́ kó jẹ́ tòun nìkan.

Àṣà burúkú kan wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Bí ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò bá ti ń bọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìwé àkójọ ìdájọ́ tí gbogbo wọn nílò á lọ tì í sáàárín ìwé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ mìíràn, níbi tí ojú ẹlòmíràn kò ní í tó o. "Sísin ìwé" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní àwọn kò jalè, ìwé ṣáà wà nínú ilé. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó bo kànga mọ́lẹ̀, ṣé ó lè ní òun kò gbé omi ẹnikẹ́ni lọ?

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹni tó bá borí nínú ìgbẹ́jọ́ ìdánrawò ni yóò lọ ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Àbújá. Àbújá yìí ni Fọláràn ń fọkàn rìn lọ tọ̀sán tòru. Ẹjọ́ onílé tó kó ẹrù ayálégbé síta ni wọ́n fún wọn. Fọláràn ni yóò gbẹnu sọ fún onílé. Ìbídùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni yóò gbẹnu sọ fún ayálégbé. Fọláràn tú ìwé títí, ó sì rí ìdájọ́ àtijọ́ kan láti Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó gbè sẹ́yìn onílé pátápátá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ìbídùn má baà rí i kà kó sì wá èsì sí i, ó gbé ìwé náà lọ sẹ́yìn àwọn ìwé nípa ọ̀sìn adìyẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbídùn wá bá a nídìí tábìlì.

"Lọ́yà òkè, ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ̀ọ́, ṣé o bá mi rí ìwé àkójọ ìdájọ́ tí ẹjọ́ ayálégbé kún inú rẹ̀ yẹn? Àyè rẹ̀ ṣófo bí ibi tí eyín ti ká."

"Èmi kẹ̀? Mi ò rí i o. Bóyá ikán ti fi jẹun ọ̀sán."

"Ikán tó mọ òfin nìyẹn! Kò burú, màá lọ bẹ kọ̀ǹpútà wọn, bó tilẹ̀ ń rìn bí ìgbín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó da ẹ̀pà díẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì lọ.

Fọláràn gbé orí lé apá. Oòrùn ọyẹ́ funfun bí wàrà lójú fèrèsé, eruku ìwé ń léfòó nínú rẹ̀. Oorun gbé e lọ. Lójú àlá, láíbúrárì náà kò ní ògiri mọ́. Pápá gbalasa ni; ìrì ń sẹ̀ sórí gbogbo tábìlì, ìrì náà sì ń di oúnjẹ funfun tó ń ta sánsán bí oyin. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣà á jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fọláràn nìkan ni kò jẹ. Ó ń kó tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ dúdú agbẹjọ́rò tó wọ̀. Ohùn kan tó tutù bí afẹ́fẹ́ etí odò bi í pé, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ pé n kò ní í rọ òjò rẹ̀ lọ́la?" Ó ṣí aṣọ wò. Ìdin ló ń rìn níbẹ̀.

Ó ta jí. Ẹ̀pà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, àánú ni àlá yẹn. Olúwa a máa pe ènìyàn kó tó ṣubú. Fọláràn dìde, ó kọrí síbi ìwé adìyẹ, ó tilẹ̀ nawọ́. Ó wá rántí Àbújá. Ó fa ọwọ́ padà, ó sì jẹ ẹ̀pà rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínṣẹ̀tẹ̀ jókòó bí adájọ́. Fọláràn sọ̀rọ̀ títí ilé fi pa lọ́lọ́. Ìdájọ́ àtijọ́ yẹn ló fi ṣe òpó tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà ni Ìbídùn dìde.

"Olúwa mi, mo wá ìwé tí alátakò mi kà, n kò rí i. Mo wá lọ jókòó ti kọ̀ǹpútà láíbúrárì, òun ló sì mú mi dé ìdájọ́ tuntun kan láti Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ìdájọ́ tí alátakò mi dúró lé lórí, wọ́n ti wó o."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìwé náà, ó kà á, ó sì bojú wo Fọláràn. "Agbẹjọ́rò, òkú lo gbé wá síwájú mi. Ṣé o kò tẹ́tí wò ó bóyá ó ṣì ń mí?"

Ká ní Fọláràn fi ìwé náà sílẹ̀ láyè rẹ̀ ni, bóyá Ìbídùn ì bá kà á, kó sì dúró síbẹ̀ bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n sísin tí Fọláràn sin ìwé náà ló tì í dé ìdájọ́ tuntun. Òun alára sì jókòó ti ibojì ìwé, kò wá nǹkan kan mọ́.

Ìbídùn ni wọ́n mú lọ sí Àbújá. Nígbà tí èrò tú ká, Fọláràn lọ bá a, ó dojú bolẹ̀.

"Ìbídùn, má bínú. Èmi ni mo sin ìwé yẹn."

"O sin ín," Ìbídùn ní, "o sì jẹ ẹ̀pà mi!"

Àwọn méjèèjì ló jọ lọ hú u jáde lẹ́yìn ìwé adìyẹ, tí wọ́n sì gbé e padà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: ìmọ̀ tí Ọlọ́run rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, bí ẹnìkan bá fi pamọ́ fún ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Ẹ jẹ́ kí ọmọnìkejì yín rí ìwé kà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.