Odó Tí Eilidh Fi Omi Lásán Ṣan

Ẹ̀yin tí orí yín pé, tí ẹ máa ń parí iṣẹ́ kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má dúró ní ìdajì, torí ibi tó dùn mí jù, ìsàlẹ̀ ló wà.

1.

Eilidh Buchan, ọmọ apẹja láti Fraserburgh, wọ yunifásítì ní Aberdeen láti kọ́ kẹ́mísírì, ẹ̀ka tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ohun èlò tuntun: bátìrì tí kì í tètè kú, gíláàsì tí kì í fọ́, àti àwọn nǹkan tó ń tàn nínú òkùnkùn. Ọdún márùn-ún gbáko ni, oyè àkọ́kọ́ àti ti másítà á sì jáde pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sá kúrò níbẹ̀. Eilidh ò sá. Gbogbo àwa tí a wà ní lábù, yàrá ìwádìí wọn, la fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀. Á yọjú wo ìléru tí a fi ń sun nǹkan, á ní "ó ku díẹ̀", díẹ̀ náà ló sì máa kù lóòótọ́.

Lọ́dún tó kẹ́yìn, Dókítà Petrie, olùkọ́ tó ń darí lábù wa, gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní yúrópíọ́mù, òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tàn nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ó wọ́n gógó. Kí Eilidh wá ìyẹ̀fun tí yóò tàn láìsí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Laidlaw ní Edinburgh ti sọ pé bó bá lè ṣe é, àyè kan ṣoṣo tó wà lọ́dọ̀ òun fún oyè ọ̀mọ̀wé, tirẹ̀ ni. Ọmọ náà fẹ́ àyè yẹn ju oúnjẹ lọ.

2.

Odó òkúta tí Eilidh fi ń lọ nǹkan wá là. Ruaridh Mathers, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún kìíní, yá a ní tirẹ̀. Yúrópíọ́mù yẹn gan-an ni Ruaridh ń fi odó náà lọ lójoojúmọ́.

"Eilidh, gbọ́ o. Fi yanrìn funfun lọ inú ẹ̀ dáadáa, kó o tún fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Nǹkan tèmi máa ń lẹ̀ mọ́ odó."

"Ìyá àgbà, mo ti gbọ́."

"Bú mi bó o ṣe fẹ́, ṣáà fọ̀ ọ́."

Fífọ odó bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ ọ̀sán kan mọ́ni lọ́wọ́. Ìléru sì ti gbóná, ẹlòmíì ń dúró dè é. Eilidh fi omi lásán ṣan odó, ó nù ún, ó lọ ìyẹ̀fun rẹ̀.

Nígbà tí ìyẹ̀fun náà jáde nínú iná, a pa iná yàrá, Eilidh tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí a fi ń dán irú rẹ̀ wò sí i. Ìyẹ̀fun náà ń tàn, àwọ̀ ewé rẹ́súrẹ́sú. Inú gbogbo wa dùn. Ruaridh nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀.

"Ṣó o fi yanrìn lọ odó yẹn?"

"Mo lọ̀ ọ́ jàre. Àbí ò ń jowú ni?"

Irọ́ náà jáde kó tó ronú. Bí irọ́ ṣe máa ń jáde nìyẹn.

3.

Ní lábù wa, a kì í gba ìyẹ̀fun tuntun gbọ́ àyàfi tí a bá tún un ṣe, tí a tún un ṣe, tí kò yí padà. Eilidh tún un ṣe. Ó ń tàn. Kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé odó kan náà ló ń lò? Ìyẹ̀fun ló ń dán wò, kò dán odó wò.

"Wá odó tuntun," Ruaridh bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Torí pé tèmi ń tàn láìsí yúrópíọ́mù ni o ṣe ń dà mí láàmú."

Láti ọjọ́ yẹn, nígbà òtútù, Ruaridh ò bá a jẹun ọ̀sán mọ́. Eilidh fúnra rẹ̀ ti ń fura, ṣùgbọ́n ẹ̀rù odó tuntun ti ń bà á.

4.

Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Laidlaw tó fọwọ́ sí ìwé, ó ní kí Eilidh wá ṣe ìyẹ̀fun náà lójú òun ní Edinburgh. Odó tuntun ló wà níbẹ̀. Eilidh lọ̀ ọ́, ó sun ún, wọ́n pa iná. Òkùnkùn biribiri. Ó gbọn tọ́ọ̀ṣì wò, tọ́ọ̀ṣì ò bàjẹ́.

Dókítà Petrie, tó bá a lọ síbẹ̀, wúkọ́. "Odó tó lò ní Aberdeen, ti Ruaridh ni. Bóyá ọmọ yẹn ni kò fọ̀ ọ́ kó tó yá a."

Ọ̀nà àbáyọ ti là fún un gbọnrangandan. Ibí yìí ni mo ti ṣí fìlà fún ọmọ apẹja.

"Rárá, Dókítà. Ruaridh kìlọ̀ fún mi. Omi lásán ni mo fi ṣan án, yúrópíọ́mù tó kù nínú ẹ̀ ló ń tàn. Ó bi mí, mo purọ́ fún un. Ẹ má dárúkọ ẹ̀ sí i."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí i. "Ìgbà wo lo ti ń fura?"

"Látìgbà òtútù, mà."

"Ọmọ mi, kò sẹ́ni tí odó ò tíì dójú tì nínú wa. Ẹni tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ wá àṣìṣe ẹ̀ rí ni mò ń wá. Ká ní ìgbà òtútù lo sọ èyí fún mi, ìwọ ni ǹ bá mú."

Ẹlòmíì ló gba àyè náà. Eilidh sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin títí wọ́n fi dé Aberdeen. Ó bẹ Ruaridh, Ruaridh sì gbà. Eilidh gba oyè másítà rẹ̀, mo sì ń fi í yangàn títí dòní, torí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè kọ irọ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè yẹn ti lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, ẹ ṣọ́ra. Àṣìṣe kọ́ ló ba Eilidh jẹ́, bíbò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ṣì í, ẹ sọ ọ́ lónìí tó ṣì kéré, kí ohun tí ẹ ń wá má baà bọ́ lọ́wọ́ yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.