Ẹ̀yìn Fọ́tò

"Kọ 'Obìnrin, ẹlẹ́wọ̀n.' Ó tó bẹ́ẹ̀!" Ọ̀gá ilé ìkàwé nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Fọ́tò àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ la ní kí o kó sórí ẹ̀rọ, a ò ní kí o pìtàn ìgbésí ayé wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin bẹ̀ ẹ́. "Orúkọ wọn àti ẹ̀ṣẹ̀ wọn wà lẹ́yìn fọ́tò. Bí a ò bá kọ ọ́, báwo ni ọmọ tó ń wá ìyá rẹ̀ ṣe máa rí i?"

"Olórí kunkun! Ó dáa, máa kọ gbogbo rẹ̀." Ọ̀gá wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó mú fọ́tò tó kàn. Ojú tó ń wò ó níbẹ̀ jọ èyí tó ń bá pàdé nínú dígí láràárọ̀. Ó yí fọ́tò náà padà. Ó rí orúkọ ìyá rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ó pa ọkọ."

Àbúrò bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ti sọ fún un pé ìjàǹbá mọ́tò ló pa àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé o ti ń kọ ọ́?" ọ̀gá ké láti yàrá.

"Mo ti ń kọ ọ́, sà."

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: Obìnrin, ẹlẹ́wọ̀n.

Lẹ́yìn náà ó mú fọ́tò tó tẹ̀ lé e, ó sì kọ orúkọ àti ẹ̀ṣẹ̀ onítọ̀hún pé pérépéré.