Òdo Mẹ́jọ

Ẹ kọ́kọ́ bá mi rẹ́rìn-ín, nítorí ìwà òmùgọ̀ tèmi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nílé mi, ó fẹ́ sọ dátábéèsì, ìyẹn àkójọ àkọsílẹ̀ aláìsàn, ní ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ di tuntun. Èmi, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tẹ àkọsílẹ̀ wọn níbẹ̀, gbé ìdí mi ràbàtà lé àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Má yẹ nǹkan kan wò jàre, ṣáà sọ ọ́ di tuntun!"

"Màmá, tí mi ò bá yẹ̀ ẹ́ wò, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn lè bàjẹ́."

Ó tẹ àṣẹ kan. Ìlà funfun ń sáré wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà dúdú yẹn.

"Ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí, wá fà mí dìde!"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìgbẹ́ dé ni, Màmá."

Ìlà náà dúró.

"Ìṣòro kan péré. Ẹnì kan tẹ òdo mẹ́jọ síbi tó yẹ kí ọjọ́ ikú wà. Ẹ̀rọ àtijọ́ gbà á, tuntun ò ní gbà á. Ọ̀lẹ wo ló ṣe báyìí?"

Èmi ni ọ̀lẹ náà. Ọwọ́ mi ló kọ̀, tí kò lè tẹ ọjọ́ yẹn.

"Fò ó, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́."

Ó ti ṣí àkọsílẹ̀ náà.

"Màmá, orúkọ ìyá mi nìyí."

Ìyá rẹ̀, ọmọ bíbí inú mi, tí mo ń sọ fún un láti kékeré pé ó wà lókè òkun.

Kò sunkún. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì.

"Ọjọ́ wo ni kí n tẹ̀ síbẹ̀?"