Ìbọn Bàbá Àkànjí

Fèrè omíyalé dún láàárọ̀, a sì ṣílẹ̀kùn yàrá ìbọn, níbi tí ìjọba ń tọ́jú ìbọn aráàlú sí. Òfin ni: tí ìjọba bá ti kéde pàjáwìrì, kí wákàtí kan tó pé, ìbọn gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láti fi ṣọ́lé, ohun yòówù kó ti fi ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ń pe orúkọ, èmi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbé ìbọn jáde, àwọn èèyàn ń tẹ̀ka, wọ́n ń gbà á bí ẹni ń gba búrẹ́dì. Omi ò tíì dé àdúgbò wa, ìbọn ti ń wọlé lójúlé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ pe Bàbá Àkànjí, aládùúgbò mi.

“Ẹ káàárọ̀, Ìyá Tiwa,” ló wí, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ìbọn yìí ló fi pa Tiwa ọmọ mi nínú omíyalé èṣí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbí.”

“Ẹ̀rọ ò ní pe ẹlòmíràn tí ẹ ò bá gbà á, bàbá.”

Mo fọwọ́ ọ̀tún nà án sí i. Ó tẹ̀ka, ó gbà á.

“Òjò ò jẹ́ kí n ríran. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bèèrè pé ta nìyẹn. Kí ló dé tí kò dá mi lóhùn?”

“Mi ò mọ̀, bàbá.”

Irọ́ ni mo pa. Láti kékeré ni mo ti ń kìlọ̀ fún ọmọ mi, bí ìyá tèmi náà ṣe kìlọ̀ fún mi, pé tó bá gbọ́ ohùn tí kò rí ẹni tó ni ín, kò gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ọmọ tó máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni Tiwa.